Mẹ́dàlì mẹ́rin àti fọ́tò Bàbá àgbà: ogun wo ni, ta ló sì wà nínú fọ́tò yìí?

ỌmọBàbáṢọ́jà (Kubwa)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mámá àgbà wa, ìyá tó bí bàbá mi, papò dà ní Zaria lóṣù tó kọjá, a ti sin wọ́n tán, ó wá ku ká kó yàrá wọn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì la ti rí agolo bísíkíìtì kan tó ti dípẹtà, wọ́n fi àjákù àǹkárá wé e, wọ́n tún fi okùn dì í gírígírí bí ẹni pé olè ń bọ̀. Ìgbà tí a máa tú u, mẹ́dàlì mẹ́rin ló wà ńbẹ̀, bọ́tìnnì idẹ kan tí igi ọ̀pẹ wà lára ẹ̀, àti fọ́tò ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ṣọ́jà.

Méjì nínú àwọn mẹ́dàlì yẹn rí bí ìràwọ̀, ẹnu mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ní, idẹ ni wọ́n jọ àmọ́ wọ́n ti dúdú. Adé wà láàárín, wọ́n kọ GRI síbẹ̀ pẹ̀lú VI. Ọ̀rọ̀ kan yí àárín yẹn ká, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó pẹ́ kí n tó rí i kà, 1939-1945 ló wà lára ọ̀kan, AFRICA ló wà lára ìkejì. Méjì tó kù roboto, wọ́n funfun. Ọ̀kan, ọba dé adé, ẹ̀yìn ẹ̀ kìnnìún kan dúró lórí nǹkan bí ejò. Ìkejì, ọba kan náà láìdé adé, ẹ̀yìn ẹ̀ kìnnìún méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ adé tí wọ́n gbé lé kùkùté igi. Orúkọ ẹnikẹ́ni ò sí lára ìkankan, mo ti yí etí wọn títí ojú fi ń ro mí.

Ibi tí ìjà wà rèé. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ogun Bọ́mà, ní ilẹ̀ Éṣíà lọ́hùn-ún, ni Bàbá àgbà lọ, gbogbo Sabo ló ń pè wọ́n ní Bàbá Bọ́mà, kódà ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ilé nìyẹn. Ibo wá ni Africa ti wọlé? Àbúrò bàbá mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tún ní kì í ṣe Bàbá ló wà nínú fọ́tò, ó ní bàbá tó bí Bàbá ni, pé òun ló ja ogun Àdùbí, pé ká wo ojú ẹ̀ dáadáa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni bààmú wà, bẹ́ẹ̀ òsì ni ti Bàbá wà. Òótọ́ ni o, èmi náà mọ̀ pé òsì ni, mo máa ń fi ìka tọ ìlà yẹn nígbà tí mo bá jókòó lẹ́sẹ̀ wọn ní kékeré. Mẹ́dàlì márùn-ún ló wà láyà ọkùnrin inú fọ́tò, àyà ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin la rí nínú agolo.

Lórí gbogbo ìyẹn, àbúrò mi ti gbé ọ̀kan nínú àwọn tó funfun lọ sí Wuse, ẹni tó ń ra góòlù níbẹ̀ sọ fún un pé fàdákà ni, ó ti ń yọ mí lẹ́nu pé ká tà á ká fi owó ẹ̀ ṣe sàréè Mámá. Kó tó gbé e lọ, ó ti fi Brasso àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, ó ń kọ mànà báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ogun wo ni, ọdún wo ni, ta ló ni í?


Kọ́lá_Gwarinpa

Ọ̀gá, èyí ò le. Bàbá ìyàwó mi ní irú èyí tó roboto yẹn, ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. GEORGIVS ni wọ́n kọ yí orí ọba ká, V yẹn karùn-ún nìyẹn, George Karùn-ún, ogun 1914 ni. Nípa ti fọ́tò, àyà òsì ni ṣọ́jà máa ń lẹ mẹ́dàlì mọ́, ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀tún, mẹ́dàlì ẹlòmíì ló wọ̀. Ẹ má bínú o, ó lè jẹ́ pé Bàbá kàn yá a wọ̀ láti ya fọ́tò ni, wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ẹ tà á jàre kẹ́ ẹ simi ìjà.


Tísà_Àgbà (Kàdúná)

Kọ́lá, rọra. Ẹ̀rù ń bà mí fún mẹ́dàlì bàbá ìyàwó ẹ.

V tó o rí nínú GEORGIVS yẹn kì í ṣe nọ́ńbà, U ni. Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́, V làwọn ará Róòmù àtijọ́ fi ń kọ U. Ka iwájú díẹ̀ sí i, wàá rí VI lẹ́yìn orúkọ yẹn, George Kẹfà nìyẹn, ọba tó jẹ láti 1936 títí di 1952. Tó o bá tún kà á yí po, wàá bá IND:IMP nípẹ̀kun, ìyẹn ni pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jẹ olú-ọba Íńdíà nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí Íńdíà gba òmìnira ní 1947 ni wọ́n yọ oyè yẹn kúrò, torí náà tí ẹnì kan bá gbé mẹ́dàlì George Kẹfà wá tí kò sí IND:IMP lára ẹ̀, ìparí ìjọba ọba yẹn ni kó o fojú sí. Ohun kékeré báyìí ló ń sọ ọdún fún èèyàn, kì í ṣe ìtàn tí wọ́n ń pa nídìí ayò. GRI tó wà lára ìràwọ̀ náà, Látìn ni, George, ọba, olú-ọba.

Ó yá, ọmọ Bàbá ṣọ́jà, jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí kìnnìún dúró lé nǹkan lórí, kì í ṣe ejò, dírágónì olórí méjì ni, War Medal 1939-1945 lorúkọ ẹ̀, ẹni tó bá ti fi ọjọ́ 28 ṣe iṣẹ́ ológun nígbà ogun Hítílà ló ní i. Èyí tó ní kìnnìún méjì ni Defence Medal. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ọ̀kan nínú kìnnìún yẹn abo ni, kò ní irun lọ́rùn, ẹni tó ya nǹkan yẹn mọṣẹ́ o. Ìràwọ̀ tí wọ́n kọ 1939-1945 sí, ẹni tó bá dé ojú ogun gan-an ni wọ́n fún, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń kà. Gbogbo ìràwọ̀ ogun yẹn, ojú kan náà ni wọ́n ní, irin kan náà, adé kan náà, ẹ̀yìn wọn sì tẹ́jú lásán. Ọ̀rọ̀ tó yí àárín ká àti àwọ̀ ríbọ́ọ̀nù nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyí táwọn ẹbí fi máa ń ṣì wọ́n mú.

Ti Africa yẹn kò yẹ kó dà yín láàmú rárá. Àwọn ará Ítálì ló wà ní Ethiopia àti Somalia nígbà yẹn, wọ́n kó àwọn ọmọ Nàìjíríà gba Kenya lọ bá wọn ní 1940. Ọjọ́ 25 oṣù kejì 1941 làwọn ọmọ wa wọ Mogadishu, nínú oṣù kẹta wọ́n gba ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Marda, wọ́n sì wọ Harar. Ẹ̀yin ará Àbújá, ẹ ń gba iwájú Mogadishu Cantonment kọjá ní Asokoro lójoojúmọ́, ẹ rò pé wọ́n kàn sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ni? Marda Barracks wà ní Yaba. Àwa tá a wà ní Kàdúná ńbí náà, Dalet àti Kalapanzin tá a ń fi júwe ilé fún ọlọ́kadà, ilẹ̀ Bọ́mà làwọn orúkọ yẹn ti wá. Africa Star, ẹni tó bá ja ogun Ethiopia àti Somalia yẹn láàárín oṣù kẹfà 1940 sí oṣù kọkànlá 1941 ní ẹ̀tọ́ sí i.

Ẹni tó lọ Mogadishu sì lè padà wálé kí wọ́n tún dì í lẹ́rù lọ Bọ́mà, àwọn tó ṣe méjèèjì wà. 1943 ni wọ́n kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní 81st Division jọ, ẹni tó bá wà ńbẹ̀ máa ń ní àmì aláǹtakùn léjìká, 82nd tẹ̀lé wọn, ọ̀kọ̀ méjì tó gba ara wọn kọjá ni tiwọn. Ọmọ tiwa ló kún ibẹ̀. Bàbá Isaac Fadoyebo ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé, ìbọn bà wọ́n ní àfonífojì Kaladan ní 1944, àwọn ará abúlé ibẹ̀ ló gbé wọn pamọ́ fáwọn Jàpáànì títí wọ́n fi rí àwọn tó gbà wọ́n. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, láwọn Sabo wa gbogbo, ṣọ́jà àtijọ́ wo la ò pè ní Bọ́mà? Mo mọ bàbá kan tó jẹ́ pé ìdáná ló ṣe ní bárékè ní Kàdúná títí ogun fi parí, Bàbá Bọ́mà náà ni wọ́n ń pè é. Orúkọ àdúgbò ò lè jẹ́ ẹ̀rí fún wa.

Pé orúkọ ò sí létí, bó ṣe rí nìyẹn. Àwọn ará South Africa, Australia àti Íńdíà kọ orúkọ ṣọ́jà wọn sí ti ogun Hítílà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò kọ ti àwọn tó fún. Ti ogun 1914 ni orúkọ àti nọ́ńbà máa ń wà létí.

Ẹ bá mi kí àbúrò bàbá yín, àmọ́ ẹ sọ fún wọn pé ti Àdùbí ò lè rí báyìí. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918 yẹn, mẹ́dàlì tí wọ́n fún àwọn ṣọ́jà tó lọ síbẹ̀ ni Africa General Service Medal. Fàdákà gidi ni, roboto, ó ní ọ̀pá pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ NIGERIA 1918 sí, ríbọ́ọ̀nù ẹ̀ yẹ́lò, etí ẹ̀ dúdú, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì aláwọ̀ ewé wà láàárín. Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà mẹ́fà ò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ṣé ìràwọ̀ wà láyà ọkùnrin inú fọ́tò yẹn? Mélòó ni? Ríbọ́ọ̀nù wọn ńkọ́?


Ọmọ_Onífọ́tò (Jos)

Ẹ̀gbọ́n Tísà ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti fọ́tò yẹn torí iṣẹ́ ilé wa ni, bàbá mi ní sítúdíò ní Terminus kó tó di pé kálà pa gbogbo wa lẹ́kún, inú yàrá òkùnkùn yẹn ni mo dàgbà sí.

Ọmọ Bàbá ṣọ́jà, bààmú tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́dàlì tó wà láyà ọ̀tún, nǹkan méjèèjì lọ sí ẹ̀gbẹ́ òdì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò rí i pé ó ń sọ nǹkan kan fún yín ni? Ó dá mi lójú pé wọ́n fi òdì tẹ fọ́tò yẹn ni. Nẹ́gátíìfù ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ọ̀kan ń dán, ìkejì ò dán, ẹ̀gbẹ́ tí kò dán yẹn ló yẹ kó dojú kọ pépà. Tí ọmọṣẹ́ bá ń kánjú tó gbé e lé e lódì, ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ àyàfi tí lẹ́tà bá wà nínú fọ́tò tàbí tí ẹni tó ya fọ́tò bá kọlà. Ìgbátí mélòó ni mo jẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí! Aláṣọ òyìnbó kan wá yà níjọ́ kan, ọjọ́ tó wá gbà á ló ní òun ò mọ ẹni tó wà ńbẹ̀, pé òun kì í ya irun sí ẹ̀gbẹ́ yẹn.

Ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò fún mi. Àkọ́kọ́, bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀. Ẹ̀wù ọkùnrin, apá òsì ló máa ń wá bo apá ọ̀tún mọ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀tún ló bo òsì nínú fọ́tò yẹn, ẹ̀wù obìnrin ni Bàbá wọ̀ tàbí kó jẹ́ pé fọ́tò ló yí. Ìkejì, tó bá ní wọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ọwọ́ wo? Ìkẹta ni bí mẹ́dàlì yẹn ṣe tò. Ẹ̀gbọ́n Tísà máa mọ èyí jù mí lọ, àmọ́ ohun tí mo mọ̀ ni pé ìràwọ̀ ló máa ń ṣáájú, láti àárín àyà lọ sí apá, kí àwọn roboto tó tẹ̀lé e. Tẹ́ ẹ bá ń wo ẹni tó wọ̀ ọ́ lójúkojú, ìràwọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá láti ọwọ́ òsì tiyín.

Lórí ríbọ́ọ̀nù, ẹ ṣọ́ra gan-an. Fíìmù kan wà láyé àtijọ́ tí ojú ẹ̀ ò rí pupa, gbogbo ohun tó bá pupa, dúdú ló máa gbé e jáde, búlúù á wá funfun bálaú. Àwọn onísítúdíò pẹ́ nídìí ẹ̀ torí pé èèyàn lè tan iná pupa sí yàrá òkùnkùn kó máa fojú rí ohun tó ń ṣe. Torí náà ẹ má sọ pé ẹ rí dúdú nínú fọ́tò kẹ́ ẹ wá máa wá ríbọ́ọ̀nù dúdú kiri.

Pépà ẹ̀ náà ńkọ́? Tó bá nípọn, tó ń ká bí ewé gbígbẹ, tí ibi tó dúdú nínú ẹ̀ sì ń kọ yànrànyànràn bíi dígí tẹ́ ẹ bá gbé e síná, fàdákà inú pépà ló ń jáde sókè yẹn, fọ́tò àgbà ni. Pépà onírọ́bà tó ń yọ̀, inú àwọn ọdún 1970 ló gbòde.


ỌmọBàbáṢọ́jà (Kubwa)

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò ní jẹ́ n sùn. Aago kan òru ni mo ń tẹ èyí, NEPA ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná wá ni.

Bọ́tìnnì: ọ̀tún ló bo òsì! Wọ́ọ̀ṣì: ọwọ́ ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ Bàbá kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì. Mẹ́dàlì: láti ọwọ́ òsì tèmi, roboto, roboto, ìràwọ̀, ìràwọ̀, ìràwọ̀. Gbogbo ẹ̀ pátá ló wà lódì. Ni mo bá ya fọ́tò yẹn sínú fóònù mi, mo yí i bí ẹ ṣe wí, Ọlọ́run ló gbọ́, Bàbá ló jókòó síwájú mi yẹn. Bààmú bọ́ sí òsì, ojú kàn ṣí ni. Fọ́tò kan náà tí mo ti ń wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ń sọ pé ó jọ wọ́n àmọ́ kì í ṣe wọ́n. Ìyàwó mi ní kí ló dé tí mò ń sunkún, mo ní ata ló kó sí mi lójú, ata wo láago kan òru.

Mo ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi lórí WhatsApp. Wọ́n ti kà á, ó ti di búlúù, wọn ò tíì sọ nǹkan kan.

Àwọn ohun tó kù tí ẹ bi mí: iṣẹ́pá mẹ́ta, ìlà tó ń fi ipò ṣọ́jà hàn, ló wà lápá, aláǹtakùn ò sí, ọ̀kọ̀ ò sí, èjìká ṣófo. Fìlà ẹ̀ ní igi ọ̀pẹ níwájú, bíi ti bọ́tìnnì tó wà nínú agolo. Pépà ẹ̀ nípọn, ó ń ká, etí ẹ̀ ń dán bí òróró. Ìràwọ̀ tó wà láàárín àwọn mẹ́ta yẹn, ríbọ́ọ̀nù ẹ̀ mọ́lẹ̀, ìlà dúdú gbòòrò kan wà láàárín ẹ̀, ìyẹn bá ríbọ́ọ̀nù Africa tó wà lọ́wọ́ mi mu torí àwọ̀ iyanrìn ni, pupa ló wà láàárín. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn roboto, tí a ò rí nínú agolo, dúdú gbòòrò wà láàárín, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì, ibi tó kù mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Tísà, ẹ jọ̀ọ́ kí nìyẹn?


Tísà_Àgbà (Kàdúná)

Burma Star.

Ríbọ́ọ̀nù ẹ̀, pupa gbòòrò láàárín, búlúù tó dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìlà ọsàn kọ̀ọ̀kan wá la àárín búlúù yẹn. Bí fíìmù tí ọmọ onífọ́tò sọ yẹn bá ni wọ́n lò, pupa á dúdú, ìlà ọsàn á dúdú, búlúù á mọ́lẹ̀, ohun tẹ́ ẹ rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìtò wọn náà sì gbè é lẹ́sẹ̀: 1939-1945 Star ló máa ń ṣáájú, Africa Star, Burma Star, Defence Medal, War Medal ló máa ń kẹ́yìn. Márùn-ún pé. Bàbá yín lọ Africa, wọ́n tún lọ Bọ́mà. Irọ́ kankan ò sí nínú ohun tí Sabo ń pè wọ́n, wọ́n kàn ń pe ìdajì ni.

Ọdún fọ́tò wá kù. 1945 ni wọ́n dá Burma Star, Defence Medal àti War Medal sílẹ̀, àmọ́ ríbọ́ọ̀nù nìkan làwọn ṣọ́jà kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́ àyà, irin ẹ̀ gan-an ò bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ èèyàn títí di 1948. Nígbà tó jẹ́ pé irin ló wà láyà Bàbá, fọ́tò yẹn ò lè ṣáájú 1948. Igi ọ̀pẹ tó wà ní fìlà, àmì Royal West African Frontier Force ni, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, 1956, ni wọ́n sọ Nigeria Regiment di Queen's Own, àwọn nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀ títí òmìnira fi dé. Èmi á fi í sí àárín 1948 sí 1956. Iṣẹ́pá mẹ́ta, sájẹ́ńtì ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan fún àbúrò yín. Kì í ṣe fàdákà o. Bàbà tí wọ́n pò mọ́ nickel ni, irú èyí tí wọ́n fi ṣe kọ́bọ̀ mẹ́wàá wa ti 1973. Ẹni tó ń ra góòlù ní Wuse mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Àwọn mẹ́dàlì yìí pọ̀ láyé, orúkọ ò tún sí lára wọn, tẹ́ ẹ bá tú wọn ká, wọ́n á di irin lásán lórí àtẹ. Fọ́tò yẹn ló so wọ́n mọ́ Bàbá. Tẹ́ ẹ bá tún rí ìwé tí wọ́n fi dá wọn sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun, ẹ wá nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA/ níbẹ̀, nọ́ńbà àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà nìyẹn, òun ni wọ́n fi ń wá èèyàn nínú ìwé ìrántí wọn.


Ìyá_Ìbejì (Kano)

Ẹni tó fi Brasso àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ mẹ́dàlì, kí Ọlọ́run foríjì í. Èmi náà ṣe irú ẹ̀, mi ò ní purọ́. Bọ́tìnnì bàbá mi mẹ́fà, mo fi wọ́n wá nǹkan ṣe lọ́jọ́ Àìkú kan, mo fi iyanrìn tín-ín-rín kún un, nígbà tí mo máa ṣe tán igi ọ̀pẹ ti di òkìtì, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ọ̀pẹ ni àbí àgbàlá ilé wa. Dúdú tó wà lára ẹ̀ yẹn ọjọ́ orí ẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó wà. Aṣọ funfun gbígbẹ tó mọ́, ẹ fi nù ún wẹ́rẹ́, ó tán.

Ẹ má sì dá wọn padà sínú agolo tó dípẹtà yẹn o, ẹ má kó wọn sínú nylon, òoru Kubwa yẹn á mú kó máa làágùn. Ẹ fi pépà funfun wé e níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa máa ha ara wọn, kẹ́ ẹ kó wọn sínú páálí. Ẹ má fọ ríbọ́ọ̀nù, ì báà dọ̀tí bíi kí ni. Tó bá gbó tó fẹ́ já, ẹ má jù ú nù, ẹ má rán tuntun lé e lórí. Fọ́tò, ẹ ya á dáadáa lọ́sàn-án níta níbi tí oòrùn ò ti kàn án tààrà, iwájú àti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, kẹ́ ẹ wá gbé ojúlówó ẹ̀ pamọ́. Àfi tí ẹ bá fẹ́ kí ìjà ẹlẹ́ẹ̀kejì bẹ̀rẹ̀ lórí ta ló máa gbé e sílé.

Èmi ń dúró de mẹ́dàlì karùn-ún yẹn o. Níbo ló wà?


Kọ́lá_Gwarinpa

Mo gbà, mo ṣì í. Mo ti tún un kà, VI ló wà ńbẹ̀ lóòótọ́, IND:IMP náà wà. Ìyàwó mi ti gba nǹkan bàbá ẹ̀ lọ́wọ́ mi.


ỌmọBàbáṢọ́jà (Kubwa)

Ẹ má bínú, ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi wọlé, mo ń pe ẹbí kiri ni.

Àbúrò bàbá mi ti dáhùn. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé Bàbá ni.

Mẹ́dàlì karùn-ún, ẹ gbọ́ nǹkan. Mo pe Aunty wa àgbà ní Ìlọrin, àwọn ni àkọ́bí Bàbá, mo júwe ríbọ́ọ̀nù yẹn fún wọn bí Ẹ̀gbọ́n Tísà ṣe sọ ọ́, pupa láàárín, búlúù, ọsàn. Wọ́n dákẹ́ títí mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní ti Mallam nìyẹn. Mo ní Mallam wo? Wọ́n ní ọ̀rẹ́ Bàbá kan wà ní Tudun Wada, Hausa ni, inú ọkọ̀ ojú omi kan náà ni wọ́n jọ wà lọ sí Íńdíà, wọ́n jọ padà. Iná jó ilé Mallam yẹn, gbogbo nǹkan ẹ̀ jóná, mẹ́dàlì ẹ̀ wà ńbẹ̀. Tó bá wá di ọjọ́ ìrántí àwọn ṣọ́jà, nígbà tó ṣì ń bọ́ sí 11 November kó tó di pé wọ́n gbé e wá sí 15 January, Mallam á wá láàárọ̀ kùtùkùtù, Bàbá á yọ ìràwọ̀ Bọ́mà tiwọn fún un, àwọn méjèèjì á jọ gbéra. Aunty ní àwọn bi Bàbá nígbà kan pé kí ló dé tí ẹ kì í fún un ní òmíràn. Bàbá ní àwọn ní Africa, àwọn ní Bọ́mà, Bọ́mà nìkan ni Mallam lọ, ọkùnrin náà ò ní fi èyí tí kò ṣe rìn láàárín ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọdún kan wá dé, Mallam ò dá a padà, Bàbá ò sì béèrè. Mámá nìkan ló máa ń ráhùn lórí ẹ̀, Aunty ní ìdí tí wọ́n fi di agolo yẹn bẹ́ẹ̀ nìyẹn, kí ìyókù má bàa lọ síbi tí ọ̀kan lọ.

Mallam ti kú tipẹ́. Ọmọ ọmọ ẹ̀ ń se tíì àti indómì nítòsí mọ́ṣáláṣí kan níbẹ̀, Aunty ní tí mo bá ti bi àwọn ọlọ́kadà wọ́n á júwe ẹ̀ fún mi. Sátidé tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Mi ò ní gbà á o, mo kàn fẹ́ wò ó ni, kí n ka ohun tí wọ́n kọ yí i ká, kí n ya fọ́tò ẹ̀ tó bá gbà, kí n sì fi ti Bàbá han òun náà, èyí tí a ti yí padà síbi tó yẹ. Bóyá àwọn náà ní fọ́tò táwọn méjèèjì jọ yà.

Àbúrò mi ní òun máa tẹ̀ lé mi. Mo ní kò burú, kó fi Brasso sílé.